Kí Ọkọ̀ Gba Awakọ̀ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìjókòó la ní lónìí fún ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Peckham, ní Camberwell àti ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù yìí: ìjókòó awakọ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó há. Austin Seven, Morris Minor, Mini, àti Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, ọkọ̀ tó rẹwà ni wọ́n. Àmọ́ bí ẹni tó ga bá wọ inú wọn, orúnkún rẹ̀ á máa gbá sítíárìn, fìlà rẹ̀ á máa ha òrùlé, bàtà rẹ̀ á sì máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì àti búréèkì pọ̀. Ẹni tó kúrú náà ní wàhálà tirẹ̀: á na ẹsẹ̀ títí, kò ní kan pẹ́dàálì, á sì máa yọjú láàárín sítíárìn kó tó rí ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé ọkọ̀ ló yẹ kí a tún ṣe kó gba awakọ̀, kí awakọ̀ má ṣe ká ara rẹ̀ bí ẹní nítorí ọkọ̀. Kí àtúnṣe náà sì jẹ́ irú èyí tí ẹlòmíràn lè tú lọ́la, kí ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àdúgbò wa ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni òfin èéfín ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ULEZ ti gba Peckham wọlé, nígbà tí wọ́n sún ààlà rẹ̀ dé South Circular. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó ti kárí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá ju ìwọ̀n lọ ń san £12.50 ní gbogbo ọjọ́ tó bá jáde. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ owó orí ọkọ̀ àtijọ́, tí wọn kò sì fi ṣòwò, kò san kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí Mini tàbí Morris tí bàbá fi sílẹ̀ kò fi di ẹrù lọ́rùn ọmọ. Ó ń bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọwọ́ tó sì ń bọ́ sí kò bá ìwọ̀n àwọn tí wọ́n ṣe é fún mu. Ìwádìí káríayé kan tó jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé láàárín 1914 sí 2014, ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ga sí i láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 168 sí 178. Sẹ̀ǹtímítà 10 tó lé yẹn kò ju fífẹ̀ ọwọ́ kan lọ. Àmọ́ ọdún 1922 ni Austin Seven jáde, àlàfo tó wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ nígbà náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3 lọ. Nínú irú àyè bẹ́ẹ̀, fífẹ̀ ọwọ́ kan ló ń ya ẹni tó jókòó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó fún mọ́ inú ọkọ̀.

Àwọn kan á ní ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló mọ ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀, pé kí a fi sípánà kan ìjókòó rẹ̀ dà bí ìgbà tí a bá ń fi ọ̀dà tuntun kun ère àtijọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, nítorí ìfẹ́ ló bí i. (Ẹ jẹ́ ká rántí o, ère ìbejì tí à ń wò tìyanu-tìyanu lónìí, àwọn tó ni ín a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, ọwọ́ wọn ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ dán bẹ́ẹ̀.) Ṣùgbọ́n ẹ wo Morris Minor fúnra rẹ̀. Alec Issigonis ló ya á, ibi ìpàtẹ ọkọ̀ Earls Court ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi han aráyé lọ́dún 1948. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Issigonis wò ó, ó rí i pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó ní kí wọ́n là á sí méjì láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni la obì, kí wọ́n máa sún apá méjèèjì kúrò lára ara wọn títí ojú òun yóò fi gbà á. Íǹṣì 4 ni wọ́n fi kún un. Bọ́ńpà ti wà nílẹ̀ ní ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n gé òun náà láàárín, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan so ó. Bí ẹ bá pàdé Morris Minor àwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa: irin ìsopọ̀ yẹn wà láàárín bọ́ńpà, ilà fífẹ̀ kan tó ga díẹ̀ sì gba àárín bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá, níbi tí wọ́n ti là á. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ Morris Minor tí wọ́n ṣe, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó pé mílíọ̀nù kan sì ni. Ẹni tó ṣe é kò ka ìwọ̀n rẹ̀ sí ohun mímọ́ tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn.

Peckham níbí gan-an ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1850, Thomas Tilling ra bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ṣin kan pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti máa ná Rye Lane sí Oxford Street lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Nígbà tó di 1904, ilé iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ gbé bọ́ọ̀sì alẹ́ńjìnnì wá sójú títì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn awakọ̀ rẹ̀, ìjánu ẹṣin ni wọ́n mọ̀ ọ́n dì mú. Jíà ayé ìgbà náà le púpọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ọwọ́ rẹ̀, á máa ta irin lu irin ni. Ohun tí ilé iṣẹ́ Tilling ṣe lọ́dún 1911 ni pé wọ́n gbé irú bọ́ọ̀sì kan jáde tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fún ẹ̀rọ kan lágbára láti mú iná mànàmáná jáde, tí iná náà sì ń yí táyà. Jíà kò sí nínú rẹ̀ rárá. Awakọ̀ ẹṣin gun orí ìjókòó, ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó lọ. Ọkọ̀ ni wọ́n yí padà, ẹni tó ti fi ogún ọdún wakọ̀ ẹlẹ́ṣin sì rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lọ. Ohun kan náà ni àwọn káfíńtà wa ṣe nílé pẹ̀lú bọ́lẹ̀kájà: ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì Bedford ti òkè òkun wá, àwọn ló fi pákó kan ilé sórí rẹ̀ bí ọ̀nà wa, èrò wa àti ẹrù wa ṣe fẹ́ ẹ.

Ọgbọ́n tó yẹ ká mú lọ síbi iṣẹ́ yìí, ọwọ́ télọ̀ ló wà. Bí aṣọ òkè bàbá bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó sanra jù ú lọ, télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gé e. Á tú ojú rírán, á fa aṣọ tí wọ́n ká sínú jáde, á sì tún un rán. Bí ọmọ-ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bá dé lọ́la, aṣọ tí wọ́n fà jáde á padà wọlé. FIVA, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ lágbàáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1966, fi ọgbọ́n yìí sínú ìwé ìlànà wọn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Turin: ohun tí a bá yí padà, kó ṣe é dá padà, ohun pàtàkì tí a bá yọ, kí a tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀.

Ibi ìjókòó ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àyè tó pọ̀ jù sá pamọ́ sí. Téèpù ni kí a sì kọ́kọ́ mú, kí sípánà dúró ná. Kí awakọ̀ wọ bàtà tó fi ń wakọ̀, kó jókòó, kí ẹlòmíràn wọn àlàfo tó wà láàárín orí rẹ̀ àti òrùlé, láàárín itan rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ sítíárìn, láàárín àyà rẹ̀ àti sítíárìn, àti láti ìdí dé pẹ́dàálì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n yọ tìmùtìmù kúrò, kí awakọ̀ jókòó sórí pákó pẹlẹbẹ, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì ni gbogbo ohun tí tìmùtìmù lè fi sílẹ̀ fún wọn. Ìjókòó tó ti lo 60 ọdún kì í ṣe irú èyí tí ilé iṣẹ́ rán jáde mọ́. Sípíríìnì ti rọ, ọ̀já rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti nà, ìdí awakọ̀ ń rì sẹ́yìn, orúnkún ń gbéra lọ bá sítíárìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo pé ọkọ̀ há, ìjókòó tó ti kú ló ń bá a jà. Bí wọ́n bá fi ọ̀já tuntun sí i, àtúnṣe lásán ni, kò yí nǹkan kan padà lára ọkọ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, kí ẹni tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ yọ fóòmù oní-íǹṣì 4, kó fi fóòmù líle oní-íǹṣì 2, irú èyí tí kì í tètè gbiná, rọ́pò rẹ̀, kó sì da awọ àtijọ́ bò ó. Ẹni tó kúrú, òdìkejì rẹ̀ ni kí wọ́n ṣe fún un: kí wọ́n fi fóòmù líle gbé e sókè, kí wọ́n sì fi kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ìrọ̀rí tí wọ́n kàn gbé síbẹ̀, tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ búréèkì, kò yẹ nínú ọkọ̀ rárá.

Sítíárìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ bá, ibẹ̀ sì ni ìṣirò ti ń ṣì wọ́n lọ́nà. Bí a bá yọ sítíárìn tó fẹ̀ ní íǹṣì 16, tí a fi oní-íǹṣì 14 sí i, wọ́n á rò pé itan ti rí íǹṣì 2 gbà. Íǹṣì 1 péré ni, nítorí ìkejì wà lókè níbi tí itan kò dé. Agbára tí apá yóò fi yí i á sì fi ìdá kan nínú méje lé sí i. Nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ yí sítíárìn, tí èèyàn ń fà á síwá sẹ́yìn láti rí ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́bàá Rye Lane lọ́jọ́ Sátidé, ejìká á gbọ́ ọ. Àyè tí fóòmù bá fúnni, itan ló ni gbogbo rẹ̀, kò sì gba agbára kankan lọ́wọ́ apá.

Ọ̀rọ̀ Mini yàtọ̀ díẹ̀. Issigonis yìí náà ló ya á, ó jáde lọ́dún 1959, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Ó dábùú ẹ́ńjìnnì síwájú, kí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ ọkọ̀ lè kù fún èrò àti ẹrù. Orí kì í sábà kan òrùlé nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ gígùn ni ìṣòro ibẹ̀, àti sítíárìn tó tẹ́ bíi ti bọ́ọ̀sì. Àwọn tó mọ Mini dáadáa máa ń fi irin pẹlẹbẹ méjì sábẹ́ ìjókòó láti sún un sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ìjókòó bá ti sún, apá kò ní dé sítíárìn mọ́. Nítorí náà wọ́n ní irin kékeré mìíràn tí wọ́n ń fi sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù láti fa orí irin gígùn tó gbé sítíárìn wálẹ̀, kó lè dojú kọ àyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibí yìí. Ìsàlẹ̀ irin gígùn náà wọ inú ẹ̀rọ tó ń yí táyà. Ẹni tó bá fa orí rẹ̀ wálẹ̀ láì kọ́kọ́ tú bóòtù tó di ẹ̀rọ yẹn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ díẹ̀, irin náà á máa fi ipá tẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń yí, sítíárìn á le, ohun tó yẹ kó pẹ́ á sì tètè jẹ. Kí wọ́n tú bóòtù, kí ẹ̀rọ náà yí díẹ̀ tẹ̀ lé irin, kí wọ́n wá fún gbogbo rẹ̀ padà. Iṣẹ́ tí mẹkáníìkì gidi á ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kan ni, kò sì ní gé irin kan ṣoṣo.

Ti pẹ́dàálì, Austin Seven ni kí ẹ wò. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò ní ìrìn. Díẹ̀ bíńtín ló wà láàárín ìgbà tó dì mú àti ìgbà tó tú sílẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ló yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ yìí, kí gìgísẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá há sábẹ́ sítíárìn, gbogbo itan ni awakọ̀ ń gbé, ọkọ̀ á sì fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú iná ojú títì. Pátákó kékeré tó dà gẹ̀rẹ̀, tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ sábẹ́ gìgísẹ̀, á mú ìfò yẹn kúrò. Bàtà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ á ṣe èyí tó kù, owó rẹ̀ kò sì tó ti sítíárìn tuntun. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé pẹ́dàálì lè fi igi líle kún un, kí irin pẹlẹbẹ méjì há pẹ́dàálì sáàárín, kí bóòtù dì wọ́n pọ̀, láìlu ihò sí i. Igi tí wọ́n fi okùn so, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sínú ọkọ̀.

Ó ku àwọn tó gbà pé ìnira ló ń jẹ́ kí awakọ̀ lajú sílẹ̀. Wọ́n sì máa ń sọ ọ́ nípa Issigonis fúnra rẹ̀ pé kò fẹ́ kí ìjókòó rọ awakọ̀ lọ́rùn jù. Mo gbà pé ìjókòó tó rọ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì kò dáa fún ẹni tó ń wakọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìjókòó le yàtọ̀ sí kí ẹsẹ̀ há. Máìlì 20 láàárín wákàtí ni eré tí Southwark fọwọ́ sí ní ọ̀pọ̀ òpópónà wa. Ní eré yẹn, ọkọ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bàtà bá há sẹ́yìn búréèkì fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré, mítà 4 àti ààbọ̀ ti lọ, ìyẹn gígùn Mini kan àti ààbọ̀, níbi tí ọmọ kékeré lè ti sáré jáde láàárín ọkọ̀ méjì. Bí awakọ̀ bá lajú títí ilẹ̀ fi mọ́, kò lè gba mítà yẹn padà. Àwọn mìíràn á ní kí ẹni tí ọkọ̀ kò gbà ta á, kó ra òmíràn. Ta ni ẹni yẹn? Ìyá àgbà tí oríkèé ń ro ni, ọkùnrin tó ti wakọ̀ ọ̀hún láti ìgbà tí ikùn rẹ̀ ṣì pẹlẹbẹ ni, ọmọbìnrin tó jogún rẹ̀ ni. Bí a bá lé gbogbo wọn kúrò nídìí sítíárìn, inú gáréèjì ni ọkọ̀ á dúró sí, ọkọ̀ tí kì í rìn sì ń kú díẹ̀díẹ̀: búréèkì á gan, rọ́bà á ya, epo á bàjẹ́ nínú táńkì.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé àtúnṣe lè ṣekú pani ní òótọ́ lọ́wọ́, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Ìjókòó ló ń di awakọ̀ mú nígbà ìjàǹbá. Bóòtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó le, kí irin fífẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ kó má baà fa ilẹ̀ ọkọ̀ ya. Bí ìjókòó bá sún sẹ́yìn kọjá ibi tí bẹ́líìtì ti jáde lára ògiri ọkọ̀, bẹ́líìtì kò ní dì mọ́ ejìká mọ́. Àfi kí wọ́n sún un padà, tàbí kí wọ́n wá ibòmíràn tó lágbára fún bẹ́líìtì. Nínú ọkọ̀ tí kò ní bẹ́líìtì láti ilẹ̀ wá, òfin kò gbà kí a gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ̀yìn sì ni ọmọ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ jókòó sí.

Òfin ìjọba kò sì dí wa lọ́nà bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún kò ní láti ṣe àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún, bí wọn kò bá ti yí i padà gidi láàárín 30 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń wò fún ìyípadà yẹn ni ṣáásì, àkísù pẹ̀lú ohun tó gbé ọkọ̀, àti ẹ́ńjìnnì. Títí di ọdún 2025, bí wọ́n bá tún ọkọ̀ ṣe débi tí DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Swansea, fi ń ṣirò bóyá kó di nọ́ńbà rẹ̀ mú, máàkì 8 ló gbọ́dọ̀ ní: ṣáásì tàbí ara ọkọ̀ ní 5, sípíríìnì 2, àkísù 2, jíà 2, sítíárìn 2, ẹ́ńjìnnì 1. Tìmùtìmù, irin abẹ́ ìjókòó àti pátákó gìgísẹ̀ kò sí nínú ìṣirò náà. Ẹni tó bá gé ṣáásì tàbí ara ọkọ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí àyè ló ń fi máàkì 5 ṣeré nígbà náà. Bí ẹ kò bá gé nǹkan kan, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò nìkan ló kù tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún, kí ẹ sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ sì gbà á ní ìwé.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí awakọ̀ tún jókòó, kí téèpù tún jáde, kí wọ́n kọ ìwọ̀n tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Kí wọ́n kó fóòmù tí wọ́n yọ, irin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti bóòtù rẹ̀ gbogbo sínú àpò aṣọ kan, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde sórí páálí, kí wọ́n dì í mọ́ ọn, kí wọ́n sì gbé e sínú bùútù ọkọ̀. Kò wúwo ju àpò gàrí kékeré lọ, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ọkọ̀ náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́ ti máa bá a.